Alias àbí script: èwo lẹ máa lò?

Ọ̀rọ̀ yìí lèmi àti ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń kọ kóòdù ní Lagere, n'Ífẹ̀ níbí, ń fà lálẹ́ àná. Alias, ìyẹn orúkọ kúkúrú tẹ́ ẹ fún àṣẹ gígùn nínú terminal, rọrùn bí ẹni ń jẹ̀kọ o, ẹ ṣáà kọ alias gs='git status' sínú ~/.bashrc, fáìlì ètò bash yín, kẹ́ ẹ tẹ source ~/.bashrc, ó parí.

Àmọ́ ẹ gbọ́, ìparí àṣẹ ló máa ń lẹ ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lẹ́yìn alias mọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí orúkọ fáìlì wọ àárín, kò lè ṣe é. Cron, ètò tó ń bá wa ṣe iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ní àkókò tá a bá dá, ò sì mọ alias rárá! Mo fi alias ṣe backup ààjìn sínú cron, mo sùn, ọkàn mi balẹ̀, àfìgbà tí láptọ́ọ̀pù kú tí mi ò bá nǹkan kan, ó dùn mí gan-an.

Script, ìyẹn fáìlì tá a kọ àṣẹ sí, ló gbà mí. Ẹ ṣí fáìlì ~/bin/pamo, ẹ kọ ọ́ báyìí, á máa di fódà pọ̀ sínú fáìlì kan:

#!/bin/bash
tar -czf "$1-$(date +%F).tar.gz" "$1"

Ẹ wá tẹ chmod +x ~/bin/pamo, kí fáìlì náà lè ṣiṣẹ́ bí àṣẹ. $1 yẹn ni orúkọ fódà tẹ́ ẹ bá pè, déètì á sì wọlé fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa fi sí cron, ẹ kọ ọ̀nà fáìlì àti fódà yẹn pé, ẹ má gé e kúrú. Èmi ò lo alias fún nǹkan tó ju gs lọ mọ́.