Wọ́n san owó ọrùn mi, wọn ò san owó gíláàsì: àgbéyẹ̀wò inṣọ́ránsì ìlera látọ̀dọ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà

Ó ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí mo ti ń san owó inṣọ́ránsì ìlera aládàáni. Owó ara mi ni mo fi ń san án lóṣooṣù, ọ̀gá mi kò dá sí i. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kò pin sọ́dọ̀ wọn nìkan; bí wọ́n ṣe to ìwé àdéhùn tèmi ni ọ̀pọ̀ irú ètò yìí ṣe máa ń rí. Àwa tí iṣẹ́ wa kì í kúrò níwájú kọ̀ǹpútà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tó ń rò ó pé bóyá kí òun ra inṣọ́ránsì torí pé ojú ti ń rẹ òun.

Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi. Ojú kọ̀ǹpútà méjì ló wà níwájú mi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, bí mo bá sì délé, fóònù ló kù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mi ò kà á sí. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyanrìn sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi á máa dà. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, màá sì tún tẹjú mọ́ iṣẹ́. Tó bá di alẹ́, orí á wá máa fọ́ mi láti ìpàkọ́ wá síwájú, ọrùn á le débi pé mi ò ní lè yíjú wo ẹ̀gbẹ́ dáadáa.

Ọjọ́ tí ẹ̀rù bà mí gan-an ni ọjọ́ tí ìṣirò oníbàárà kan kọ̀ tí kò bára mu. Mo wá a fún wákàtí méjì gbáko. Mo ṣe é láti òkè, mo ṣe é láti ìsàlẹ̀, iye tó fi yàtọ̀ kò yí padà. Àbúrò kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló wá dúró lẹ́yìn mi, ó nàka sí ìlà kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 3 nìyẹn o, kì í ṣe 8." Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó. Lóòótọ́, 3 ni. Láti ibi tí mo jókòó sí, 8 ni mò ń rí, ó sì dá mi lójú. Ẹni tó ń fi nọ́ńbà jẹun kò lè fi irú ìyẹn ṣeré. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo gba ìwé inṣọ́ránsì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, mo sì buwọ́ lù ú láì ka àwọn ojú ìwé tó gbẹ̀yìn.

Ó yẹ kí n kà wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú èèyàn lọ́jọ́ tó bá sanwó. Àsìkò ìdúródè wà. Oṣù mẹ́ta ni tèmi kí n tó lè rí dókítà àkànṣe, oṣù méjìlá ni fún ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ gíláàsì, ìyẹn fún ẹni tó bá ra abala ojú mọ́ ọn, èmi ò sì rà á. Fọ́ọ̀mù náà tún bi mí bóyá àìsàn kan ti ń ṣe mí tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní kí n kọ "rárá" kó lè tètè yanjú. Mi ò gbà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojú ń ta mí, orí sì ń fọ́ mi, ṣùgbọ́n dókítà kankan kò tíì yẹ̀ mí wò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbọ́ irú ìmọ̀ràn yẹn. Bí wọ́n bá rí i lọ́jọ́ iwájú pé ẹ fi nǹkan pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó, wọ́n sì lè fagi lé àdéhùn náà látòkè délẹ̀, gbogbo owó tí ẹ ti san á sì wọmi.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, mo lọ. Nínú gbogbo ètò yìí, ibí ni mo ti jèrè owó mi jù, nítorí náà màá fara balẹ̀ sọ ọ́.

Mo rò pé wọ́n kàn máa ní kí n ka lẹ́tà lára ògiri ni. Dókítà ojú náà ní kí n gbé àgbọ̀n lé orí irin kan, ó tan iná tín-ínrín sí mi lójú, ó kán nǹkan kan tó ní àwọ̀ bí ọsàn sí i, ó ní kí n la ojú sílẹ̀ kí n má ṣẹ́ ẹ. Ó ń kà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò tíì dórí mẹ́fà tó fi dúró. Ó ṣàlàyé pé omi tó bo ẹyinjú yẹ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, ó kéré tán, kó tó ya. Tèmi ti ya ní márùn-ún. Lẹ́yìn náà ló fi bébà pélébé há mi ní ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó ní kí n di ojú kí n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bébà náà ní ìlà wẹ́wẹ́ bíi ti rúlà. Nígbà tó yọ ọ́, omi ojú mi kò gun ún kọjá 4 mìlímítà. Ó ní ó yẹ kó tó 10 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Dókítà, ṣùgbọ́n omi ń dà lójú mi lójoojúmọ́."

Ó ní, "Ojú tó gbẹ ló ń da omi bẹ́ẹ̀. Ó ń ta yín, ni ara bá da omi lé e lórí, ṣùgbọ́n omi yẹn kò ní òróró tó yẹ nínú, kì í dúró lára ẹyinjú. Ṣé ẹ mọ iye ìgbà tí ẹ máa ń ṣẹ́jú?"

Mi ò mọ̀. Ó ní ẹni tó kàn jókòó jẹ́ẹ́ máa ń ṣẹ́jú tó ìgbà 15 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà lè má ṣẹ́ ẹ tó ìdajì ìyẹn, ìpéǹpéjú ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ í pàdé tán. Ìṣẹ́jú! Láti kékeré ni mo ti ń pe ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò fìgbà kan rò ó pé ojú tí à ń ṣẹ́ ni wọ́n fi ń wọn àkókò nínú rẹ̀. Àwa wá jókòó síbi iṣẹ́, ìṣẹ́jú ń kọjá, ojú kò ṣẹ́.

Ó tún wọn bí omi inú ẹyinjú mi ṣe ń fún un tó, torí àrùn tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tó máa ń jí ìríran èèyàn gbé díẹ̀díẹ̀ láìdun ẹni náà rárá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó sì sọ fún mi ní gbangba pé kọ̀ǹpútà kì í fọ́ èèyàn lójú: ó ń rẹ ojú, ó ń jẹ́ kó gbẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé ó ń ba ìríran àgbàlagbà jẹ́ títí láé. Mo ti ń bẹ̀rù lóru fún oṣù mélòó kan. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ṣe fún mi.

Lẹ́yìn náà ló bi mí bí ojú mi ṣe jìnnà sí kọ̀ǹpútà tó. Mi ò lè sọ. Ó ní kí n lọ wọ̀n ọ́ níbi iṣẹ́ kí n pe òun. Àbúrò ọjọ́sí ló bá mi di ẹnu tépù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, a nà án dé kọ̀ǹpútà: 64 sẹ̀ǹtímítà. Gíláàsì ìkàwé tí mò ń lò, bíi 40 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ṣe é fún, bí ẹni tó mú ìwé lọ́wọ́. Mo ti lé ní ogójì ọdún, ẹyinjú mi kò lè yára yí láti ibi tó sún mọ́ sí ibi tó jìn bíi tàtijọ́ mọ́. Ohun tí mò ń ṣe láìmọ̀ ni pé mò ń na ọrùn síwájú láti àárọ̀ dalẹ́, kí n lè bá ibi tí gíláàsì yẹn ti ń ríran. Ibẹ̀ ni ọrùn ti ń dùn mí. Ibẹ̀ náà ni 3 ti di 8.

Wàyí o, kí ni inṣọ́ránsì san nínú gbogbo èyí?

Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ pátápátá. Ilé ìwòsàn kọ "àyẹ̀wò ojú" sórí fọ́ọ̀mù, àwọn inṣọ́ránsì sì kà á sí àyẹ̀wò gíláàsì, èyí tí kò sí nínú ètò mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo pè wọ́n. Ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹni tó gbé ìpè yàtọ̀ síra, mo sì ní láti bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó tún ka ohun kan náà sí mi létí. Ìgbà kẹrin ni arábìnrin kan fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní kí dókítà kọ orúkọ àìsàn náà gan-an, kó má kọ àyẹ̀wò." Dókítà tún un kọ: ojú gbígbẹ, pẹ̀lú ohun tó rí nínú àyẹ̀wò méjèèjì. Wọ́n tún fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti wà kí n tó wọ ètò wọn. Mo ní kí wọ́n ṣí fọ́ọ̀mù mi. Wọ́n bá ohun tí mo kọ níbẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn fúnra wọn gbà mí bẹ́ẹ̀ láì yọ ojú sílẹ̀. Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, owó mi wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nìyí ju gbogbo nǹkan yòókù lọ: ohun tí wọ́n bá pè ní àìsàn ojú, wọ́n ń san án, ohun tí wọ́n bá pè ní ìríran, wọn kì í san án, àfi tí ẹ bá ti ra abala ojú lọ́tọ̀. Ẹni kan náà, ojú kan náà, ọjọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù ló ń pinnu.

Oògùn tí mò ń kán sójú, wọ́n san èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, èmi fi ìyókù lé e. Ti ọrùn ló yà mí lẹ́nu. Ìgbà mẹ́jọ ni mo lọ fún fisiotẹ́rápì, wọ́n sì san gbogbo rẹ̀ láì bi mí ní nǹkan kan. Gíláàsì tuntun tí dókítà kọ fún 64 sẹ̀ǹtímítà wá ńkọ́? Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi kọ̀ ọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n sanwó fún ẹni tó ń tẹ ọrùn mi, wọn ò san owó gíláàsì kan ṣoṣo tí kò ní jẹ́ kí ọrùn náà dùn mí mọ́. Obìnrin tó ń tọ́jú ọrùn mi fúnra rẹ̀ sọ lọ́jọ́ kẹta pé, "Bí ẹ ò bá yí gíláàsì yẹn padà, ẹ máa tún padà wá bá mi ni." Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Láti ọdún 1990 ni òfin ti wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó para pọ̀ ní Yúróòpù pé òṣìṣẹ́ tó ń lo kọ̀ǹpútà ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ojú kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, látìgbàdégbà lẹ́yìn náà, àti nígbàkígbà tí ojú bá ń yọ ọ́ lẹ́nu nítorí iṣẹ́ náà. Bí gíláàsì àkànṣe bá sì di dandan fún iṣẹ́ náà, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde lápò òṣìṣẹ́. Ibi gbogbo kọ́ ni irú òfin yìí wà. Síbẹ̀ mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo mú un lọ bá ọ̀gá mi pẹ̀lú ìwé dókítà. Ó kà á, ó wá bi mí iye tí 3 tó di 8 yẹn ì bá ná wa ká ní a ò rí i. Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Ó buwọ́ lùwé. Ilé-iṣẹ́ mi ló ra gíláàsì tí mo fi ń kọ èyí.

Áàpù inṣọ́ránsì náà máa ń polówó gíláàsì tó ń dí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù, wọ́n á ní àwọn yọ owó kúrò níbẹ̀ fún oníbàárà. Ẹ má tìtorí ojú tó ń rẹ̀ yín rà á. Ní ọdún 2023, àjọ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ìwádìí ìṣègùn jọ wò, yẹ ìwádìí 17 wò lórí gíláàsì yìí, wọn ò sì rí i pé ó dín rírẹ̀ ojú kù ju gíláàsì lásán lọ láàárín àkókò kúkúrú tí wọ́n fi dán an wò. Kò yẹ kí ẹni tó kọ̀ láti san gíláàsì tí dókítà kọ máa polówó ìyẹn fún mi. Dókítà orí fídíò tí wọ́n fi kún ètò náà, ó yá, ó sì níwà, ṣùgbọ́n kò lè fi bébà há èèyàn lójú.

Ohun tó wò mí sàn kò le. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, mo ń wo ohun tó jìn tó mítà mẹ́fà fún ìṣẹ́jú-àáyá 20. Mo rẹ ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kí orí rẹ̀ má ga ju ojú mi lọ, nítorí ojú tó ń wo ìsàlẹ̀ kì í ṣí gbàgà. Mo ń fi aṣọ tí a rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lé ìpéǹpéjú lálẹ́ kí òróró ibẹ̀ lè yọ́. Oògùn tí kò ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń jẹ́ kó pẹ́ nínú ìgò ni mò ń kán, torí ó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́ tí mò ń kán an, kẹ́míkà yẹn fúnra rẹ̀ sì máa ń ta ojú tó bá pọ̀ jù. Ẹ̀fọ́rí ti lọ.

Ṣé kí ẹ rà á? Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ dókítà tó máa jókòó wá ìdí ohun tó ń ṣe yín, bẹ́ẹ̀ ni, mo sì ti tún àdéhùn tèmi ṣe fún ọdún tuntun. Bó bá jẹ́ gíláàsì nìkan ni ẹ ń wá, ẹ mú bírò. Mo ṣe ìṣirò abala ojú nígbà tí wọ́n tún ní kí n rà á: ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ni wọ́n ń san gíláàsì, ó sì ní iye tí wọn kì í kọjá. Owó tí màá fi lé e fún oṣù 24 ju iye yẹn lọ. Mi ò rà á. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ bi wọ́n bóyá ojú gbígbẹ wà nínú ohun tí wọ́n ń san, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní kíkọ, kó má jẹ́ ti ẹnu.

Mo ti kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n ka irú gíláàsì mi mọ́ ìtọ́jú ọrùn fún àwa oníkọ̀ǹpútà, mo sì so ìwé obìnrin oní-fisiotẹ́rápì náà mọ́ ọn. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní lẹ́tà náà ti dé ọwọ́ wọn, kò tíì sí èsì. Bí wọ́n bá fèsì, màá fi kún àgbéyẹ̀wò yìí.