Mo lọ gba ẹ̀rọ ní báǹkì Islam, gíláàsì rẹ̀ ti là

Kìrìsìtẹ́nì ni mí, iṣẹ́ fọ́tòkọ́pì ni mò ń ṣe. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń kọjá níwájú báǹkì yìí, tí mo rò pé ẹni tí kò bá ń kírun ò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀. Èlé báǹkì mi àtijọ́ ló lé mi wọlé. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ẹ̀sìn tí mò ń ṣe. Ti káàdì àti áàpù, bíi ti ibi gbogbo ni.

Mo ní kí wọ́n yá mi lówó kí n fi ra ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, a kì í yáni lówó èlé. Àwa la máa ra ẹ̀rọ yẹn, a ó wá tà á fún yín, ẹ ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó mọ iye tá a rà á, ẹ ó sì mọ èrè tá a lé e." Murabaha ló pè é.

Ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ̀rọ ò dé! Ìgbà kẹta tí mo lọ, mo pariwo débi pé ẹ̀ṣọ́ dìde. Mo ní èlé náà ni wọ́n fi orúkọ Lárúbáwá bò. Ọmọbìnrin náà kàn fa àga fún mi. (Mi ò tíì gbà pé mo jẹ̀bi tán o, torí èrè wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí èlé ibòmíràn.)

Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n pè mí wá wò ó. A ṣí páálí: gíláàsì ti là láti etí kan dé ìkejì. Àyà mi já. Mo ti ń ṣírò gbèsè lọ́kàn nígbà tí ọmọbìnrin yẹn ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ ò tíì fọwọ́ síwèé. Tiwa ṣì ni, àwa la jẹ gbèsè ẹ̀." Òun fúnra ẹ̀ ló lẹ páálí náà padà. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn dé, iye tá a jọ sọ ò yẹ̀. Nígbà tí mo pẹ́ san oṣù kan, gbèsè mi ò wú sí i. Owó ìtanràn tí mo san, ìwé àdéhùn ní sàráà ni wọ́n ń fi í ṣe.

Kí ló wá dé tí mi ò gbọ́ ọ̀kankan nínú èyí látọjọ́ yìí? Ìwé pélébé orí káńtà wọn: sukuk, ijara, mudaraba, kò sí ìtumọ̀ kan. Inú ìwé ìròyìn ni mo ti kà á fúnra mi pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ta sukuk, ìyẹn ìwé ìdókòwò tí kò ní èlé, 200 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ́dún 2014. Ká ní wọ́n lẹ ìyẹn mọ́ ilẹ̀kùn ni! Díákónì wa ṣì ń bi mí bóyá mo ti yí padà. Mo fi fọ́tò gíláàsì yẹn hàn án, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Lóṣù tó ń bọ̀, mo fẹ́ gba ẹ̀rọ ìgéwèé lọ́dọ̀ wọn.