Ṣé ká fún irin heavy fermion pọ̀ ni, àbí ká gbé e sínú òòfà?

Ìbéèrè yìí ò tán lẹ́nu àwọn tó ń ka físíìsì. Nínú àwọn irin yìí, òtútù máa ń so ẹlẹ́ktrọ́ọ̀nù tó ń rìn mọ́ òòfà kéékèèké inú átọ́ọ̀mù cerium tàbí ytterbium, wọ́n á wá máa ṣe bíi pé wọ́n fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún wúwo ju ti tẹ́lẹ̀, nígbà míì ó lè tó ẹgbẹ̀rún. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa ètò òòfà inú ẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí nǹkan tó wà lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́?

Fífún un pọ̀ ni mo fẹ́ràn jù, torí kò kó ìdọ̀tí wọnú irin. CeRhIn5, irin kan tó ní cerium, máa ń di antiferromagnet (àwọn òòfà kéékèèké inú ẹ̀ á kọjú síra wọn lódìlódì) ní 3.8 K (K ni kelvin, ìwọ̀n òtútù tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo pátápátá), àmọ́ tẹ́ ẹ bá fún un dé bíi 2 GPa (gigapascal, ìwọ̀n agbára ìfúnpọ̀), ètò yẹn á pòórá, superconductivity (kí iná máa gba inú irin kọjá láìsí ìdínà kankan) á wá yọjú ní nǹkan bíi 2 K, ó dùn ún wò gan-an! Wàhálà ibẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbóná padà kẹ́ ẹ tó yí i, crystal á kéré gan-an, ó sì lè fọ́.

Òòfà rọrùn, ẹ kàn ń yí iná ẹ̀ sókè sódò nínú òtútù náà ni. YbRh2Si2, tó ní ytterbium, ò nílò ju òòfà 0.06 T (tesla, ìwọ̀n agbára òòfà) lọ kí ètò inú ẹ̀ tó pòórá, ṣùgbọ́n fíríìjì yín gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 70 mK (mK ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún K). Òòfà sì máa ń ba superconductivity jẹ́.

Tó bá jẹ́ cerium, tẹ́ ẹ sì ń wá superconductivity, ẹ fún un pọ̀. Tó bá jẹ́ ytterbium, fífún un máa ń mú òòfà inú ẹ̀ lágbára sí i ni, ẹ lo òòfà.