MPP, MPA tàbí Àtinúdá fún Àwùjọ: Èwo Ni Ó Tọ́ Kí Ẹ Fi Owó àti Ọdún Yín Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ gba digírì kejì lórí bí a ṣe ń tún ìlú ṣe yóò máa bá orúkọ mẹ́ta pàdé léraléra: MPP (Master of Public Policy), tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ìlànà ìjọba, MPA (Master of Public Administration), tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ìṣàkóso iṣẹ́ ìjọba, àti èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn, Social Innovation, ìyẹn wíwá ọ̀nà tuntun láti yanjú ìṣòro àwùjọ, tí màá máa pè ní àtinúdá fún àwùjọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gba owó ńlá àti ọdún kan tàbí méjì lọ́wọ́ ẹni, ìwé ìpolówó wọn sì jọra bí ìbejì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹni tó kà wọ́n lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nígbà tó bá jáde kò jọra, ibẹ̀ gan-an sì ni ó yẹ kí olùrà tẹjú mọ́.

Ní ọdún 1997, ìjọba Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Progresa, nínú èyí tí wọ́n ń fún àwọn ìyá ní ìdílé tálákà lówó, bí àwọn ọmọ wọn bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí ìdílé náà sì ń lọ fún àyẹ̀wò ìlera. Láti mọ̀ bóyá ètò náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n mú abúlé 506, wọ́n ṣẹ́ kèké yan 320 tí yóò kọ́kọ́ gba owó náà, 186 sì dúró de ìgbà tiwọn. Ohun tí MPP ń kọ́ni nìyí: bí a ṣe ń yan ẹni tí yóò dúró láì ṣojúsàájú, bí a ṣe ń mọ̀ pé owó náà ló mú kí àwọn ọmọ pọ̀ sí i ní kíláàsì, kì í ṣe pé ìkórè ọdún yẹn dára, àti ohun mìíràn tí ìjọba ì bá fi iye owó kan náà ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ MPA a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òfin ti jáde tán. Ta ni a óò gbà síṣẹ́, báwo ni a ó ṣe kọ ọ́ sínú ètò ìsúná, ta ni yóò dáhùn bí owó ìyá kan kò bá dé lọ́jọ́ tó yẹ kó dé?

Kíláàsì àtinúdá fún àwùjọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba rárá. Muhammad Yunus bẹ̀rẹ̀ sí yá àwọn tálákà ní owó kékeré ní abúlé Jobra ní Bangladesh ní ọdún 1976, nígbà tí báńkì kò fẹ́ rí irú wọn sójú. Ìdánwò náà di Grameen Bank ní ọdún 1983, òun àti báńkì náà sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní ọdún 2006. Olùkọ́ yóò ní kí ẹ tú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ palẹ̀: báwo ni ó ṣe mọ ohun tí àwọn ènìyàn náà nílò, ta ni ó fara mọ́ àdánù àkọ́kọ́, ìgbà wo ni ó yẹ kí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yé gbára lé owó ìrànwọ́, kí ni ó sì lè mú un yà kúrò lójú ọ̀nà bí ó bá ń gbòòrò?

Ìwọ̀nba tí orúkọ lè sọ fún yín mọ nìyẹn, nítorí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń lò ó bó ṣe wù ú. Ní Princeton ní Amẹ́ríkà, MPA ni ètò ọlọ́dún méjì, MPP sì jẹ́ ọdún kan fún àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wá dé Lee Kuan Yew School ní Singapore, ẹ óò rí i pé wọ́n yí i padà: MPP ni ọlọ́dún méjì fún àwọn ọ̀dọ́, MPA sì jẹ́ ọdún kan fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Ní Harvard Kennedy School, àwọn kọ́ọ̀sì dandan ni ó kún ọdún àkọ́kọ́ MPP, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ MPA ọlọ́dún méjì ń fúnra rẹ̀ yan púpọ̀ nínú ohun tí yóò kà. Bẹ́ẹ̀ sì ni MPA ti LSE ní London kún fún ìmọ̀ ọrọ̀ ajé àti ìṣirò, débi pé ẹni tó sá fún MPP nítorí ìṣirò tó sì forí lé ibẹ̀ yóò bá ohun tó ń sá fún níwájú.

Ní ti àkókò, ẹ má rò pé ọdún kan ló máa ń dára jù nítorí pé ó yá. MPP ti Blavatnik School ní Oxford jẹ́ ọdún kan, ti Hertie School ní Berlin sì jẹ́ méjì. Ẹni tó ti níṣẹ́ tó fẹ́ padà síbẹ̀ kò ní ìdí láti pàdánù owó oṣù ọdún kejì. Ẹni tó fẹ́ kúrò nínú iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn ni kí ó rò ó dáadáa, nítorí àárín ọdún méjèèjì ni ó ti lè lọ kọ́ṣẹ́ ní ibi tó fẹ́ wọ̀, ètò ọlọ́dún kan kì í sábà fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni ti Cambridge, níbi tí wọ́n ti ń fi ọdún méjì kọ́ni ní àtinúdá fún àwùjọ láìjẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sikọ́láṣípù sábà máa ń pinnu ohun tí ènìyàn rò pé òun fúnra òun ti pinnu. Chevening, tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san, ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, ó ń fẹ́ kí ẹ padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kì í sì í sanwó ju ti ètò ọlọ́dún kan tí akẹ́kọ̀ọ́ gbájú mọ́ pátápátá lọ. Ìyẹn nìkan ti yọ ti Cambridge kúrò lórí tábìlì, ó sì yọ MPA ti LSE náà tó ń gba oṣù 21. Ní Jámánì, ètò Helmut Schmidt tí DAAD, àjọ pàṣípààrọ̀ ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀ náà, ń ṣe wà fún àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà sókè, ẹ̀kọ́ ìlànà ìjọba àti ìṣèjọba rere ni ó sì wà fún. Princeton ní tirẹ̀ ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹni tó bá gbà sínú MPA àti MPP, nítorí náà wíwọlé ni ìṣòro ibẹ̀.

Ẹni tí kò bá dá a lójú pé òun lè fara da ìṣirò MPP lè dán ara rẹ̀ wò kí ó tó san owó ńlá. Ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà ní àwọn kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní MicroMasters lórí dátà, ọrọ̀ ajé àti ètò ìlànà, iye tí ènìyàn ń san sì dá lórí owó tó ń wọlé fún un. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ìwé ìpolówó lọ, nítorí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹ óò ti mọ̀ bóyá ẹ ń gbádùn rẹ̀ tàbí ẹ kàn ń fara dà á ni.

Ìmọ̀ràn tèmi kò ní tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn: ẹni tí kò tíì ní iṣẹ́ àtinúdá kankan lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ lọ ra digírì àtinúdá. Ẹni tó ti ní àjọ kékeré kan tó ń fẹsẹ̀ rìn ni ó lè rí èrè rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, nítorí gbogbo ohun tó bá gbọ́ ní kíláàsì ni yóò gbé lọ dán wò. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo yóò kọ ètò tó dùn kà sórí bébà, yóò sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó wà láàárín, tó fẹ́ dá ohun tuntun sílẹ̀ ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ìjọba, kí ó wo MPA ti ilé ẹ̀kọ́ tí onímọ̀ ọrọ̀ ajé Mariana Mazzucato dá sílẹ̀ ní UCL ní London ní ọdún 2017, níbi tí wọ́n ti pa àtinúdá pọ̀ mọ́ ìlànà ìjọba.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ gba orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì dandan lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ sì béèrè irú iṣẹ́ àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Ní MPP ti Harvard, àjọ kan tó ní ìṣòro gidi ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ìmọ̀ràn fún. Níbòmíràn, àròkọ ìwádìí tí olùkọ́ nìkan yóò kà ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni méjì tó jáde níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ṣe níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.