Báńdéèjì koríko òkun: ó gbà mí lọ́wọ́ ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ẹ má fà á ní gbígbẹ

Iṣẹ́ oúnjẹ ni mò ń ṣe ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù níbí. Láti ìgbà tí dókítà ti fún mi lóògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, torí èyí tó dì sí mi lẹ́sẹ̀, bí ọ̀bẹ bá kàn rà mí lára báyìí, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Lóṣù tó kọjá, mò ń gé pọ̀nmọ́, ọ̀bẹ yọ̀, ó wọ àtàǹpàkò mi. Tíṣù ń rẹ, mò ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo ti ń wá fóònù kí n pe 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera níbí.

Ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sáré ra páálí báńdéèjì yìí kan wá ní kẹ́míìsì: mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, £11. Ó funfun, ó fúyẹ́ bí òwú. Ọmọ mi ní koríko inú òkun ni wọ́n fi ṣe é, pé láti 1881 ni ará Bìrìtéènì kan tó ń jẹ́ Stanford ti rí ohun tó wà nínú rẹ̀ yọ. Ohun náà ni wọ́n ń fi mú áísìkiriìmù ki! Èròjà kan tó ń jẹ́ kálísíọ́ọ̀mù wà nínú òwú yìí. Bó bá ti kan ẹ̀jẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ò lè dì láìsí i. Òwú náà á wá rọ̀, á máa yọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò, mo na ọwọ́ sókè. Láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dá. Mo lẹ pílásítà búlúù àwa alásè lé e, mo wọ ìbọ̀wọ́, ó di ìdí ìkòkò.

Bàbá mi àgbà n'Íjẹ̀bú ì bá rẹ́rìn-ín. Bí àdá bá ṣá wọn lóko, ewé Akíntọ́lá ni wọ́n máa ń já, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, wọ́n á fún omi rẹ̀ sójú egbò, wọ́n á tún tẹ̀ síwájú nínú ebè. Òórùn ewé yẹn ò tíì kúrò nímú mi. Tèmi yìí kò rùn, kò ta, kò sì sí erùpẹ̀ oko lára rẹ̀.

Ibi tó ti bí mi nínú rèé: ẹni tó tà á kò sọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Lọ́jọ́ kejì mo fà á ní gbígbẹ. Yéè! Ó ti lẹ̀ típẹ́. Egbò là, ẹ̀jẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, mo tún ní láti lo òmíràn. Nínú bébà inú páálí, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí, la ti wá rí i pé omi oníyọ̀ tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ni kí a fi rẹ ẹ́ kó tó kúrò. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kì í ṣe ti egbò gbígbẹ o. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń tú jáde pì-pì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì níbí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ó ku mẹ́jọ, ẹ̀gbẹ́ pákó ìgéran ni mo gbé e sí.