Invincible: ìjà bàbá àti ọmọ tí wọ́n parí kí ẹnikẹ́ni tó ka ẹ̀ṣẹ̀

Kọ́mìkì Invincible ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àwọn ìwé ńlá mẹ́ta tí wọ́n pè ní Compendium, èyí tí ilé-iṣẹ́ Image Comics tẹ̀. Robert Kirkman ló kọ ìtàn náà. Cory Walker ló ya àwọn ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀, Ryan Ottley sì ya èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ó parí ní 2018, ẹ̀dà 144 ni gbogbo rẹ̀.

Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló ń bá mi rà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní Adó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dùbúlẹ̀ kàwé, ẹ má dáwọ́ lé e, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju ẹgbẹ̀rún ojú-ewé lọ, apá á ro yín. Orí tábìlì ni mo ti kà á. Bébà rẹ̀ dára, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ débi pé mo ń rí i kedere bí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ìwé náà kì í là dáadáa. Bí wọ́n bá ya àwòrán kan kọjá ojú-ewé méjì, àárín rẹ̀ máa ń rì sínú ẹ̀yìn ìwé.

Mo máa tú ìtàn náà síta o. Kí ẹni tí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ dá ọ̀rọ̀ mi dúró níbí.

Mark Grayson jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí agbára bàbá rẹ̀ yọ lára rẹ̀. Nolan ni bàbá náà, Omni-Man ni aráyé ń pè é, gbogbo ènìyàn ló sì gbà pé ó ti Viltrum, ayé mìíràn tó jìnnà, wá láti dáàbò bo ayé tiwa. Irọ́ ni. Wọ́n rán an wá kó wá tún ọ̀nà ṣe de àwọn tí yóò gba ayé ni. Ó pa àwọn Guardians of the Globe, ẹgbẹ́ àwọn akọni ayé, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń bá a jẹun. Nígbà tí àṣírí tú tí Mark sì kọ̀ láti bá a lọ́wọ́ sí i, ó na ọmọ tó bí títí ọmọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, àwọn aráàlú tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì bá ìjà yẹn lọ.

Ibẹ̀ ni ìwé yìí ti gbà mí lọ́kàn pátápátá. Nolan bi ọmọ rẹ̀ pé lẹ́yìn ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún, nígbà tí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn bá ti kú tán, kí ni yóò kù fún un. Ẹ wo ojú Mark tí Ottley yà níbẹ̀. Ó ti wú, ẹ̀jẹ̀ ti bò ó, ṣùgbọ́n ó dáhùn pé bàbá òun ni yóò kù fún òun. Nolan kò lè lù ú mọ́. Ó fò kúrò lórí ilẹ̀ ayé tòun ti omijé lójú. Mo pa ìwé dé lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò lè ka nǹkan mìíràn.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń bí mi nínú. Nolan dé Thraxa, ayé àwọn ẹ̀dá tó jọ kòkòrò tí ẹ̀mí wọn kì í gùn tó ọdún kan. Ó jọba lé wọn lórí, ó fẹ́ Andressa, ó sì bí ọmọkùnrin mìíràn. Ó ránṣẹ́ pe Mark, àwọn ará Viltrum ya dé, bàbá àti ọmọ jọ gbèjà àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tí Nolan rò pé òun ń kú lọ, ohun tó sọ fún Mark ni pé kó lọ ka àwọn ìwé tí òun ti kọ sílẹ̀ láyé, torí inú wọn ló fi àṣírí bí wọ́n ṣe lè ṣẹ́gun àwọn ará Viltrum pa mọ́ sí. Ọgbọ́n ńlá ni lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ìtàn, mo gbà. Àmọ́ ọkùnrin tó lè kọ odindi ìwé kò kọ ojú-ewé kan ṣoṣo sí Debbie, ìyàwó rẹ̀. Debbie yẹn náà ni Mark gbé ọmọ tuntun lọ bá pé kó bá wọn tọ́ ọ.

Nígbà tí àwọn ará Viltrum ti Nolan mọ́lé, ó sọ fún Allen, ọ̀rẹ́ Mark láti ayé mìíràn, pé ó jọ pé àárò ìyàwó òun ń sọ òun. Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn gidigidi. Mo rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Allen ló sọ ọ́ fún, kì í ṣe Debbie, ìgbà tí òun àti Allen sì já jáde, ogun ni ó já sí, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Ní agboolé ìyá mi ní Ìkọ̀lé, mo jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá kan ti fi ilé sílẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ kéré, ó lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn lókè ọya, ìgbà tí ọmọ ti di tíṣà ló tó padà. Ó ṣí fìlà, ó ní, "Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹ bá mi bẹ ọmọ mi." Olórí ẹbí ní rárá. Ó ní, "Kí lo fẹ́ kó forí rẹ̀ jì ọ́? Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́." Bàbá náà dákẹ́ títí. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: owó ilé-ìwé tí kò san, ìsìnkú àna rẹ̀ tí kò yọjú sí, lẹ́tà tí ọmọ kọ sí i tí kò fèsì. Orí lẹ́tà yẹn ni ọmọ ti gbójú sókè. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó tẹ bàbá òun lọ́wọ́. Ìjà náà kò parí lọ́jọ́ yẹn, torí wọ́n ní ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ.

Ohun tí mo ń wá nínú Invincible nìyẹn tí n kò rí. Ààyè rẹ̀ wà dáadáa. Lásìkò ogun Viltrum, Mark farapa yánnayànna lọ́wọ́ Conquest, jagunjagun Viltrum kan, bàbá rẹ̀ sì dúró tì í fún oṣù púpọ̀ lórí ayé tó dá páropáro. Bàbá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ló wá ń ṣètọ́jú ọgbẹ́ ọmọ! Kò síbi tó tún dára jù báyìí lọ láti dárúkọ àwọn tó kú. Ìwé náà sáré kọjá níbẹ̀. Ojú-ewé díẹ̀, wọ́n ti gbéra, wọ́n sì jọ fi ara wọn gba àárín Viltrum kọjá títí ó fi fọ́ túútúú. Àwòrán tó rẹwà ni, kò sì san gbèsè kankan.

Ti Debbie ló tún dùn mí jù. Obìnrin yìí ti fi ọtí pa ìrònú, ó ti tọ́ ọmọ tí ọkọ rẹ̀ bí síta. Lẹ́yìn ogun, Nolan dé, kò sì pẹ́ tí Debbie fi gbà á padà tó bá a lọ sí Talescria, ayé mìíràn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìwé yìí fi ipá mú ẹni tó kó o láti gbàgbé.

Kì í ṣe Kirkman nìkan ló ń ṣe é. Ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ X-Factor, kọ́mìkì ilé-iṣẹ́ Marvel, ní 1986, Scott Summers, akọni tí wọ́n ń pè ní Cyclops, fi Madelyne Pryor, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọ ọwọ́ wọn sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n sọ Madelyne di abàmì aṣebi nínú ìtàn Inferno, ẹ̀bi bàbá sì fò lọ. Ọmọ náà ni wọ́n gbé lọ sí ọjọ́ iwájú tó fi padà wá bí akọni tí wọ́n ń pè ní Cable, tó dàgbà ju bàbá tó bí i lọ. Òun àti bàbá rẹ̀ wá jọ ń jagun. Ó jọ pé nínú irú ìwé wọ̀nyí, bí ọ̀tá bá ti pọ̀ tó, kò sẹ́ni tí yóò bi bàbá léèrè mọ́.

Àwọn ọmọ yunifásítì FUOYE tí mo bá jiyàn lórí rẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ sọ pé bàbá ni bàbá ń jẹ́, pé Nolan sì yí padà lóòótọ́, pé ẹ̀mí rẹ̀ ló fi lélẹ̀ níkẹyìn nígbà tí Thragg, tó jẹ́ olórí àwọn ará Viltrum tẹ́lẹ̀, pa á. Mo gbà pé ó yí padà. Kirkman fi ìyẹn hàn dáadáa, díẹ̀díẹ̀, ó sì wọ̀ mí lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìwà tó yí padà kò dáhùn ìbéèrè ọmọ tí wọ́n na. Mark ní ẹ̀tọ́ láti bínú fún ìgbà pípẹ́ ju bí wọ́n ṣe jẹ́ kó bínú lọ, kí òun àti bàbá rẹ̀ tiẹ̀ jọ jagun kó má bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ ra Compendium àkọ́kọ́. N kò tíì rí ìtàn akọni tó mú ìbínú bàbá àti ìfẹ́ ọmọ papọ̀ báyìí, ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún un. Ìkejì, tí ogun Viltrum wà nínú rẹ̀, gba mẹ́ta, iṣẹ́ ọwọ́ Ottley ló sì ni méjì nínú wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kà á pẹ̀lú ọmọ yín, ẹ jẹ́ kó tó ọmọ ọdún 16 tàbí 17, torí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá sì dé ibi tí Nolan ti padà sọ́dọ̀ Debbie, ẹ bi ọmọ náà ní ohun tó rò kí ẹ tó sọ tiyín.