Mítà kékeré tó bá mi rí ohun tó ń ṣe sítátà ọ̀kadà mi

Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń lo mítà yìí, èyí tí wọ́n fi ń wọn iná bátìrì àti wáyà, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí gan-an, ó máa ṣe ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun Boxer láǹfààní. Búrẹ́dì ni mo fi ọ̀kadà mi ń gbé kiri ní Apẹtẹ, aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń jáde. Ló bá di pé tí mo bá ti tẹ sítátà, "kà!" báyìí ni máa gbọ́ lábẹ́ síìtì, iná iwájú á ṣú, ó parí. Kíìkì ló kù, máa ta á títí orúnkún á fi máa ro mí, àmọ́ tó bá ti gbé, ó gbé náà nìyẹn, mo fi mọ̀ pé kì í ṣe pílọ́ọ̀gì.

Riwáyà tó ń bá mi tún iná ọ̀kadà ṣe ní bátìrì ti kú. Mo ra tuntun. Ọjọ́ mẹ́ta péré, ó tún padà síbi tó wà, ó wá ní a jẹ́ pé sítátà ló jóná nìyẹn, kí n mówó wá. Inú bí mi gan-an. Àbúrò mi tó ń ṣe sólà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ mọ́, ẹ lọ ra mítà."

₦7,000 ni mo rà á ní Dùgbẹ̀. Ẹ yí i sí 20 níbi V tó ní ìlà tó lọ tààrà, èyí tí ìlà ẹ̀ lọ́ bí ejò, ti NEPA nìyẹn. Mo fi kan orí méjèèjì tí bátìrì ní, fóòtì 12.6, bátìrì yó. Mo fi ọ̀kadà sí fíríì, mo tẹ sítátà, ó sọ̀ sí 12.1 péré. Ká ní bátìrì ló rẹ̀ ni, ì bá já wá sí 9 tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti yé mi rèé o. Mo fi ẹnu wáyà dúdú sórí nẹ́gétífù, mo fi pupa kan ara ẹ́ńjìnnì, ọmọ mi tẹ sítátà, mítà gbé 8! Kò yẹ kó ju 0.2 lọ níbẹ̀. Ìyẹn ni pé ojú ọ̀nà ni iná ń ṣòfò sí, nǹkan bíi 4 ló ń dé ọ̀dọ̀ sítátà. Iná tí kò pọ̀ ń rí àyè kọjá, ìyẹn ni kíìkì ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹrù sítátà ló wúwo jù fún un. Mo tú nọ́ọ̀tì tó de wáyà ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó wá láti nẹ́gétífù bátìrì, mọ́ ẹ́ńjìnnì, àṣé ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo abẹ́ ẹ̀, mo fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán, mo dè é le, mo fi fasilíìnì pa á. Mo tún wọ̀n ọ́n, 0.1. Mo tẹ̀ ẹ́, ó gbé lẹ́ẹ̀kan! Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ mo fún un ní túrótù, bátìrì ń gba 14.1, ṣáàjì náà dáa.

Àléébù ẹ̀: kò ní iná lójú, tọ́ọ̀ṣì ni mo fẹnu dì mú ní ìdájí, wáyà ẹ̀ sì kúrú. Tí bátìrì inú ẹ̀ bá ti ń rẹ̀, irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ má ki wáyà pupa bọ ihò 10A kẹ́ ẹ tún fi kan bátìrì o, ó máa jó!

Bátìrì àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ó ti kú yẹn, mo gbé e lọ ṣáàjì, ó mọ́jú sórí 12.7. Òun ló ń tan gílóòbù ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi báyìí.